Tírélà Lórí Wágọ́ọ̀nù: Báwo La Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Bá Ìgbà Rẹ̀ Mu?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi kí n tó máa ṣàlàyé fún ẹlòmíràn.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa níbí ní Ìlọrin tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rélùwéè. Ọdún 1966 ni wọ́n wọṣẹ́ ojú irin, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti ń lọ báyìí. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gilokómà ni, dókítà sì ti sọ fún wọn pé èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, oògùn kàn ń bá wọn dá ìyókù dúró ni. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì wọ́n, mo ṣèlérí pé màá ṣe tésàn Ìlọrin ní kékeré fún wọn, bó ṣe rí lọ́dún tí wọ́n wọṣẹ́, tòun ti ojú irin, ẹ́ńjìnì àti wágọ́ọ̀nù, kí wọ́n lè rí i nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Yára o."

Mo yára lóòótọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣì í. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí wágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ kan, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí tírélà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹwà débi pé n kò bi ara mi ní ìbéèrè kankan. Ṣebí tírélà la mọ̀ ní Ìlọrin? Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gba Eyenkọrin bọ́ sí Oko Olówó, tí wọ́n ń forí lé Jẹ́bbà. Mo so wágọ́ọ̀nù náà mọ́ ẹ́ńjìnì eléèédú, mo tò ó síwájú tésàn tí mo fi páálí ṣe, mo wá lọ pe Bàbá.

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan tọ́ ẹ̀gbẹ́ wágọ́ọ̀nù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí nìyí?"

"Tírélà ni, Bàbá. Ó gun orí wágọ́ọ̀nù."

"Tírélà ìlú wo? Èyí ò gba Ìlọrin kọjá rí. Ó ti gùn jù. Ó sì tún fẹ̀ jù fún ojú irin wa. Ẹ́ńjìnì eléèédú ló wá fà á?"

Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn padà jókòó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n ka sí mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà: gígùn, fífẹ̀, àti ìgbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdáhùn sí i. Ohun tí mo rí nìyí.

Pípọ̀n ni

Wágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ ni wágọ́ọ̀nù tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé, ilẹ̀ lásán lórí ẹsẹ̀ irin. Ohun tí kò bá gba inú wágọ́ọ̀nù mìíràn ni wọ́n máa ń gbé sórí rẹ̀: gẹdú, katakata, òpó iná, àní irin tí wọ́n fẹ́ fi tún ojú irin ṣe pàápàá. Tírélà náà wà lára wọn. Àwọn Amẹ́ríkà ń pe gbígbé tírélà sórí wágọ́ọ̀nù ní piggyback, èyí tí í ṣe pípọ̀n gan-an. Ọmọ lẹ́sẹ̀, ó lè rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ìyá bá gbé e pọ̀n. Bí wọ́n bá dé ọjà, ọmọ á sọ̀kalẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni tírélà: ó fi táyà rìn láti ilé iṣẹ́ dé tésàn, ojú irin pọ̀n ọ́n lọ́nà jíjìn, ó tún fi táyà rìn lọ sí ilé oníbàárà.

Èrè rẹ̀ kò ṣòroó rí. Táyà rọ́bà máa ń tẹ̀ díẹ̀ níbi tó bá ti kan ọ̀dà, títẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ agbára. Irin lórí irin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹrù kan náà fi rọrùn ún fà lójú irin ju ojú títì lọ, ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹ wá ronú kan ọgọ́ta tírélà tí awakọ̀ ọgọ́ta ń wà lóru láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Mọ́kwá, kí ẹ wá ronú kan ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìyá kì í pọn ọmọ láìsí ọjá. Ọjá yìí gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó ń tú àṣírí ìgbà tí wágọ́ọ̀nù kan jáde, màá sì padà sórí rẹ̀.

Bí Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ra mọ́dẹ́lì ọkọ̀ ojú irin, ti Amẹ́ríkà ló máa pọ̀ jù tí ẹ máa rí rà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn wọn díẹ̀, kódà bó bá jẹ́ Ìlọrin lẹ fẹ́ ṣe.

Àwọn eléré ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́. Lọ́dún 1872, ẹgbẹ́ eléré P. T. Barnum, àwọn tó ń mú erin àti kìnnìún kiri ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú irin kó kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Wọ́n á to wágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á fi pátákó so àlàfo àárín wọn pọ̀, wọ́n á wá máa fa kẹ̀kẹ́ láti ìdí wágọ́ọ̀nù ìkẹyìn lọ dé èyí tó wà níwájú pátápátá. Títí dòní, orúkọ àwọn eléré yìí ni wọ́n fi ń pe irú ìkẹ́rù bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè jáde títí gbogbo àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ á fi kúrò. Ẹni tó bá ti wọ dánfó tí wọ́n to àpò gààrí dí ẹnu ọ̀nà rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1936, rélùwéè Chicago Great Western bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tírélà gidi kiri gẹ́gẹ́ bí òwò tí kò dáwọ́ dúró. Nígbà náà, wágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ lásán tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ṣéènì àti jáàkì ni ọjá. Wọ́n á fi jáàkì gbé imú tírélà sókè, wọ́n á fi ṣéènì dè é síhìn-ín sọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń jẹ àkókò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí mọ́dẹ́lì tí ṣéènì àti jáàkì wà lára rẹ̀, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ, ẹ mọ̀ pé ọdún 1936 sí àárín ọdún 1950 sí 1960 ló bá mu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan wá yí. Lọ́dún 1955 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Trailer Train sílẹ̀, kí àwọn rélùwéè lè jọ máa lo wágọ́ọ̀nù kan náà. Wágọ́ọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà 75 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí tírélà ìgbà náà kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ. Méjì yóò jẹ́ 70, àyè díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Kò pẹ́ tí tírélà di ẹsẹ̀ bàtà 40, wágọ́ọ̀nù náà bá gùn sí 85, kí méjì lè gbà á. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó di 89. Ìgbà yẹn ni ìkọ́ irin rọ́pò ṣéènì: irin kan tó ń dìde láti ilẹ̀ wágọ́ọ̀nù, tó ń gbá ìdí imú tírélà mú, gẹ́gẹ́ bí orí tírélà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gbá a mú lójú títì. Bí kò bá sí ẹrù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ balẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: lọ́dún 1982, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba tírélà ẹsẹ̀ bàtà 48 láyè lójú pópó jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, ẹsẹ̀ bàtà 45 sì ti wà kí ìyẹn tó dé. Àwọn rélùwéè ti ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún wágọ́ọ̀nù 89 tán. Ẹ sọ 45 di méjì, kí ló jẹ́? 90! Wọ́n wá sún ìkọ́ síwá sẹ́yìn, wọ́n jẹ́ kí ìdí tírélà yọ díẹ̀ kọjá etí wágọ́ọ̀nù, nítorí irin tí wọ́n fi ń so wágọ́ọ̀nù mọ́ra fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ti 48 ni kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè ta sí i, tírélà méjì ò gbà á mọ́. Ìyẹn náà wà lára ohun tó bí irú wágọ́ọ̀nù tuntun tó fúyẹ́, tó dà bí egungun ẹ̀yìn ẹja, tí kò ní ilẹ̀ rárá.

Ẹ rí i báyìí pé tírélà ló ń darí wágọ́ọ̀nù, kì í ṣe wágọ́ọ̀nù ló ń darí tírélà. Ẹ kọ́kọ́ wọn tírélà. Gígùn tírélà á sọ ọdún fún yín, ọdún á wá sọ wágọ́ọ̀nù.

Ọ̀dà náà ń sọ̀rọ̀. Wágọ́ọ̀nù Trailer Train pupa-rúsúrúsú ló wọ́pọ̀ kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1970, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kùn ún ní àwọ̀ òféèfèé. Láti 1991, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti di TTX. Ó sì kù nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò: ẹ gbé awò asọhun-kékeré-di-ńlá, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mọ́dẹ́lì yín. Ẹ máa rí lẹ́tà BLT, pẹ̀lú oṣù àti ọdún níwájú rẹ̀. Oṣù tí wọ́n kan wágọ́ọ̀nù gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ 6-64, kò lè wà nínú àwòrán ọdún 1960 láé. Èmi wo tèmi nígbà tó yá. Ọdún 1967 ló wà níbẹ̀! Bàbá kò rí lẹ́tà yẹn o, ìka ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá tó tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ̀sùn kejì, fífẹ̀. Ìyí ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìlọrin mọ̀.

Ojú irin Amẹ́ríkà, àti ti Yúróòpù tó pọ̀ jù, fi mìlímítà 1435 jìnnà síra láàárín irin méjèèjì. Tiwa tó gba Ìlọrin kọjá jẹ́ 1067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló yan èyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, torí pé ojú irin tóóró dín owó kù: afárá á kéré, kọ́ńà á lè mú, òkè tí wọ́n máa gbẹ́ á dín. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kan Odò Ọya ní Jẹ́bbà ní 1909.

Ní Jẹ́bbà, ó dúró, nítorí kò tíì sí afárá tó parí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n kó wágọ́ọ̀nù sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi sọdá, wọ́n tún gbé e sórí irin lódìkejì. Títí di 1916 tí afárá fi parí, odò ló ń pọn ojú irin. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mo fẹ́ wágọ́ọ̀nù tó ń pọn ọkọ̀, ọkọ̀ tó ń pọn wágọ́ọ̀nù ló wà nínú ìtàn wa!

Ẹ padà sí tírélà. Kí ló dé tí fífẹ̀ ojú irin fi ṣe pàtàkì? Ẹ fojú inú wo ìyá méjì, ọ̀kan ya ẹsẹ̀ dúró, èkejì pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ gbé ọmọ kan náà pọ̀n wọ́n, kí ẹ tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mọ ẹni tó máa ṣubú. Ká ní ibi tí ìwúwo wágọ́ọ̀nù àti tírélà orí rẹ̀ pàdé sí ga tó mítà 2.2 láti ojú irin. Lórí 1435, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ dé nǹkan bí dígírì 18 kó tó dojú dé. Lórí 1067, kò ní ju dígírì 13 àti ààbọ̀ lọ. Ìṣirò lórí ìwé nìyẹn, ìyẹn bí a bá gbàgbé pé sípíríìngì wà lábẹ́ wágọ́ọ̀nù, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí kọ́ńà sì ń fà á. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ fi páálí ṣe ẹsẹ̀ méjì tí fífẹ̀ wọn yàtọ̀, ẹ gbé páálí mílíìkì kan náà sórí wọn, kí ẹ máa gbé etí pátákó sókè díẹ̀díẹ̀.

Gíga náà ńkọ́? Tírélà tó kún dáadáa ga tó mítà 4 láti ilẹ̀. Ilẹ̀ wágọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ga tó mítà 1. Márùn-ún nìyẹn. Afárá àti ihò abẹ́ òkè tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ojú irin kékeré ayé ọjọ́un kò rò ó dé ibẹ̀ yẹn.

Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ o. Fífẹ̀ ojú irin àtijọ́ Japan náà jẹ́ 1067, ọmọ ìyá tiwa. Ní 1986, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ akẹ́rù sórí wágọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 4 ni, kì í ṣe tírélà gbọ̀ngbọ̀nràn, wọ́n sì ṣe òrùlé wọn ní roboto kí èjìká wọn má bàa ha mọ́ ihò abẹ́ òkè. Lọ́dún 2000, wọ́n pa á tì. Kọ̀ntẹ́nà ló borí.

Kọ̀ntẹ́nà náà ló borí níbí. Ó mọ́gbọ́n dání: bí ẹ bá yọ táyà àti irin ìsàlẹ̀ kúrò lára tírélà, ẹ ti dín ohun tó lé ní mítà kan kù nínú gíga, ìwúwo á sì sún mọ́ ilẹ̀. Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ọmọ tó kéré. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ronú nìyẹn nígbà tí wọ́n dá Freightliner sílẹ̀ ní 1965, torí afárá tiwọn náà rẹlẹ̀. Lónìí, kọ̀ntẹ́nà ni ibùdó ẹrù orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Kàdúná lóṣù kìíní 2018 wà fún, kì í ṣe tírélà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, jẹ́ 1435, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló mọ. Ẹni tó bá gbé wágọ́ọ̀nù 1435 sí tésàn Ìlọrin lórí tábìlì, ọjọ́ iwájú ló ń ṣe.

Èmi tí mo fẹ́ ṣe 1966 ni mo gbé e sí i.

Ìgbà náà gan-an

Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnì eléèédú ló wá fà á?" Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù, torí òun ló rọrùn jù láti yẹra fún.

Ní 1966, ẹ́ńjìnì eléèédú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú irin wa dáadáa. Àwọn tí wọ́n ń pè ní River Class, tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ṣì ń ṣiṣẹ́. Dísẹ̀lì ti wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì mi kò ní ẹ̀sùn. Ohun tí mo so mọ́ ìdí rẹ̀ ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n yọ ara mi: mo yọ tírélà kúrò, mo gbé kọ̀ntẹ́nà ẹsẹ̀ bàtà 40 síbẹ̀. Ìyẹn náà ò tọ̀nà. Ọkọ̀ Ideal-X tí Malcom McLean fi kó kọ̀ntẹ́nà 58 láti Newark lọ sí Houston gbéra ní 1956 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 35 ni tirẹ̀. Oṣù kẹrin 1966 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ntẹ́nà sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Yúróòpù. Ọdún 1968 ni àjọ ISO bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò báyìí jáde. Kọ̀ntẹ́nà tí ẹ ń rí tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù káàkiri Ìlọrin lónìí, kò sí ọ̀nà tó fi lè wà ní tésàn wa lọ́dún tí Bàbá wọṣẹ́.

Mo bá lọ bi Bàbá. Mi ò mọ ìdí tí n kò fi kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kí ni wágọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ máa ń gbé nígbà yẹn, Bàbá?"

"Ohunkóhun tó bá ti gọ̀. Pákó. Gẹdú. Katakata. Ojú irin fúnra rẹ̀. Tí ò bá sí ẹrù, a máa ń jókòó lé e."

Ẹ̀pà tó ń bọ̀ láti Kánò lọ sí Àpápá, inú wágọ́ọ̀nù alórùlé ló wà, torí òjò. Ẹrù ìlú ńlá nìyẹn nígbà náà. Ti pẹlẹbẹ kò lókìkí, àmọ́ òun ló ń gbé ohun tí kò ṣeé ká kò.

Síso ìwọ̀n mọ́ra

Ìwọ̀n gangan ló kù. Mọ́dẹ́lì tó wọ́pọ̀ jù láyé jẹ́ 1:87. Ohun gidi tó gùn ní mìlímítà 87 á di ẹyọ kan. Ojú irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ sọ 16.5 di ìlọ́po 87, ẹ máa rí 1435. Áà! Ìdí nìyẹn tí ìka Bàbá fi sọ pé ó fẹ̀ jù. Bí mo bá fẹ́ 1067 ní 1:87, mo nílò ojú irin mìlímítà 12. Ó wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú, kò sì rọrùn ún rí.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́lì ní Gúúsù Áfíríkà, Ọsirélíà àti New Zealand ti ń lò tipẹ́, torí ojú irin 1067 wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Wọn kì í yí irin padà, ohun tó wà lórí irin ni wọ́n ń yí padà. Wọ́n á fi irin 16.5 sílẹ̀, wọ́n á sọ gbogbo nǹkan tó kù di 1:64. Ẹ pín 1067 sí 64, ẹ máa rí 16.67. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 16.5 kò nípọn tó ìwé méjì tí ẹ gbé léra.

Ibi tó ti dùn mọ́ wa jù nìyí: 1:64 ni ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà ń fi ara rẹ̀ pè. Ẹ lọ sí Ọjà Tuntun, ẹ máa rí wọn nínú báàgì ọ̀rá. Wọn kì í sábà péye, àwọn aláṣe máa ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè wọ páálí kan náà, nítorí náà ẹ mú rúlà lọ́wọ́. Lọ́rì tó gùn ní mítà 6.4 gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 100 lọ́wọ́ yín.

Ẹ má wulẹ̀ da 1:87 pọ̀ mọ́ 1:64 o. Mo ṣe é rí. Awakọ̀ tó ga ní mítà 1.7 jẹ́ mìlímítà 19.5 ní 1:87. Bí ẹ bá gbé e sínú ayé 1:64, á di ẹni tí kò ga ju mítà 1.25 lọ. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń wa katakata.

Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n wágọ́ọ̀nù gidi, ojú irin gan-an ni rúlà yín. Ẹ wá fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn, ẹ wọn àlàfo irin méjèèjì nínú fọ́tò. Ẹ mọ̀ pé 1067 nìyẹn, ẹ wá fi í wọn fífẹ̀ àti gíga wágọ́ọ̀nù tó dúró lórí rẹ̀ níbẹ̀. Fún gígùn, ẹ lo fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi gíga tí ẹ ti rí ṣe rúlà. Tèmi bọ́ sí àárín mítà 12 sí 13. Mo mú 12.8, torí pé ó jẹ́ mìlímítà 200 geere ní 1:64, páálí náà sì rọrùn ún gé.

Ti Amẹ́ríkà tí mo rà jẹ́ mìlímítà 313. Ohun mìíràn tí gígùn yìí fojú mi rí ni pé gbogbo ìgbà tó bá ti dé kọ́ńà ló ń gbá pèpéle mi ṣubú. Mo rò pé mi ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Rárá o. Bí wágọ́ọ̀nù bá wà ní kọ́ńà, ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn wà lórí irin, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ gba ọ̀nà àbùjá. Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe yọ sínú tó? Ẹ wọn láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ wá pín in sí ìlọ́po 8 ìwọ̀n tó wà láti àárín òbìrí kọ́ńà náà dé irin. Tèmi jẹ́ 231, kọ́ńà mi sì jẹ́ 457. Ó fi mìlímítà 14.6 yọ sínú! Èyí tí mo wá gé fúnra mi, 140 ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kò yọ ju 5.4 lọ. Pèpéle mi kò ṣubú mọ́.

Páálí ni ilẹ̀ wágọ́ọ̀nù náà, mo fi igi ìṣáná tẹ́ ẹ bíi pákó. Ẹsẹ̀ irin ọ̀tọ̀ ni mo rà, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Mo kùn ún, mo fi iyẹ̀pẹ̀ pupa lílọ̀ kan án kó má bàa dán jù, torí kò sí ohun tó ń dán lójú irin Ìlọrin nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo gbé katakata ìṣeré kan lé e tí mo ti fi rúlà wọ̀n dáadáa. Òwú dúdú ni ṣéènì rẹ̀, mo fi èèkàn pàǹtí igi sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa yí.

Tírélà méjèèjì ńkọ́? Mi ò jù wọ́n nù. Mo fi pamọ́ fún tábìlì mìíràn, ti Amẹ́ríkà ọdún 1970, níbi tí wọn kò ti ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo tún lọ pe Bàbá. Ojú ti burú sí i, wọ́n ní òjìji lásán ni wọ́n ń rí lápá òsì. Mo gbé wágọ́ọ̀nù náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́, mẹ́rin, mẹ́rin. Wọ́n tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi èékánná kan ìgbátí pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fa òwú náà wò bóyá ó le. Wọ́n wá gbé e padà sórí irin fúnra wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ wá ìdí ọkọ̀ náà lọ, wágọ́ọ̀nù kan tẹ̀lé òmíràn, títí ọwọ́ wọn fi kan tábìlì lásán.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ọkọ̀ gáàdì ńkọ́? Ibo ni gáàdì máa jókòó sí?"

Mo ti ń gé páálí rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.